Àtíkè Lójú Fóònù

“Wọ́n ní èmi kì í ṣe ẹni tiwọn mọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyá aránṣọ bá wọ ọ́fíìsì nìyẹn. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kọjú síwájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, tọ̀tún ló sì le jù.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wòye ló wà lórí àga àlejò. Kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, adójútòfò ìlera tí ìjọba ń san fún un yóò sì bá iṣẹ́ lọ, ó wá di dandan kí ó yan òmíràn fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ni ọ́fíìsì náà ni olùdámọ̀ràn tó ń bá àwọn tó ń fẹ̀yìn tì yan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àǹtí Àlàyé ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí pé bí o bá bi í ní ìbéèrè kan, wàá ru ìdáhùn délé ni.

Ó ti ṣàlàyé fún Wòye tán. Ètò kan wà tí owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọ́n bá fi ọ́ sí nìkan ni wàá máa lọ, dókítà tí o bá bá níbẹ̀ sì ni tìrẹ. Ètò kejì wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tó wù ọ́ ni wàá rí. Wòye ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà kan sì wà tó ti mọ ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ètò kejì ló bá a mu. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó wá ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ń padà wá béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí òun náà gbọ́dọ̀ dáhùn, Àǹtí Àlàyé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í tán ni kí ilẹ̀kùn tó ṣí: “Bí nǹkan bá ṣe yín, Bàbá, ta ni kí ilé ìwòsàn pè?” Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ ni Wòye máa ń rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá aránṣọ ló gbà á sílẹ̀.

“Àwọn wo ló ní ẹ kì í ṣe ẹni tiwọn, Màmá?” Àǹtí Àlàyé ti dìde, ó ti fà á lọ́wọ́ jókòó.

“Ilé ìwòsàn ojú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá ní ètò mi ti yí padà. Ó ní èmi fúnra mi ni mo pe ilé iṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n yọ mí kúrò, pé mo ti lọ sínú èyí tó dínwó. Èyí tó dínwó náà kò sì ní dókítà ojú nínú.”

“Ṣé ẹ pè wọ́n?”

“Mi ò pe ẹnikẹ́ni.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni pè yín?”

“Ta ló máa pè mí?” Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi, bí mi ò tiẹ̀ sunkún, mi ò ríran.”

Wòye gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ó sì fi pamọ́ sí ọkàn. Ẹ̀rín náà yá jù fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Àǹtí Àlàyé pe ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ó ṣàlàyé, ó béèrè, lẹ́yìn náà ló tẹ́tí gbọ́ wọn. Ó gbé fóònù kalẹ̀.

“Wọ́n ní obìnrin ló pè. Ó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí Màmá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní Màmá àti èmi nìkan la mọ ọ̀rọ̀ náà.” Ó wo Wòye. “Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà kankan mọ́. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí mi ò rí ohun tí mo máa fi gba ara mi, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni àkókò tí wọ́n fi ń gba èèyàn láàyè láti yí ètò padà máa parí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún sì ni èèyàn lè yí i, àfi bó bá fi hàn pé wọ́n tan òun. Dókítà sì ti sọ pé ojú ọ̀tún ìyá aránṣọ kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Wòye dìde. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù kúrò nílé ẹni tó fẹ́ kó lọ, kò sì sí ohun tó kù fún un jù kó máa wo ògiri lọ. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó,” ló wí.

*

Akọ̀wé tó gba ìpè náà ní ilé iṣẹ́ adójútòfò jẹ́ ọkùnrin kan tí kàtá ń yọ lẹ́nu. Ó ń sín láàárín ọ̀rọ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tábìlì.

“Ohùn rẹ̀ ńkọ́?” Wòye bi í. “Àgbàlagbà ni tàbí ọ̀dọ́?”

“Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà, Ọ̀gá. Ó ń wúkọ́ díẹ̀.”

“Ó sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí.”

“Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Orúkọ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ máa ń pè é ni. Ó ní ‘Bọ́tìnì’. Ó tiẹ̀ tún sọ ìdí rẹ̀ fún mi.” Akọ̀wé sín, ó nu imú. “Ó ní ọkọ òun gbé kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù òun nígbà tí wọn ò tíì mọ ara wọn, ó ní bọ́tìnì rẹ̀ já. Òun bá a rán an. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ́tìnì yẹn náà tún já. Òun tún rán an. Bó ṣe ń já nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí òun fi wo òwú náà lójú oòrùn, tí òun rí i pé ọ̀bẹ ni ọkọ òun fi ń gé e, kó lè ní ìdí láti padà wá.”

“Ẹ wá gbà á gbọ́.”

“Ọ̀gá, ta ló máa parọ́ irú ìyẹn?”

Wòye kọ ọ́ sílẹ̀. “Ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé ìyá náà lọ ńkọ́? Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó mú un wá.”

“Wọ́n mọ̀. Owó ìdá ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá mú èèyàn wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ fẹjọ́ sùn pé wọ́n tan òun. Ìyá náà sì ní ẹnikẹ́ni ò bá òun sọ̀rọ̀.” Ó gbé èjìká. “Nítorí náà, ta ló tún kù, yàtọ̀ sí olùdámọ̀ràn rẹ̀?”

Wòye jáde sójú títì. Àwọn èèyàn ń ti iṣẹ́ bọ̀, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan fún ara wọn. Ó ń rìn létí ògiri. Kò fẹ́ kó jẹ́ Àǹtí Àlàyé, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù nìyẹn, torí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó bá ti ń fẹ́ kí ẹnì kan jàre ti di agbẹjọ́rò onítọ̀hún. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti bá ọkọ lọ sí òkè òkun, Àǹtí Àlàyé nìkan ló máa ń bi í bó ṣe sùn. Bóyá gbogbo oníbàárà ló ń bi bẹ́ẹ̀. Wòye kò tíì fẹ́ wádìí ìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà sí.

“Bọ́tìnì,” ló wí. “Kí ló dé tí ọkọ ìyá aránṣọ fi ń pè é bẹ́ẹ̀?”

Àǹtí Àlàyé gbójú sókè. Ó ti ń kó àwọn nǹkan orí tábìlì rẹ̀ sínú páálí. “Mi ò bi wọ́n. Mo rò pé torí iṣẹ́ wọn ni.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan, Bàbá. Ṣé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ ni?”

Wòye wò ó pẹ́. Obìnrin tó lè fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń pe adójútòfò ní adójútòfò, bó bá mọ ìtàn bọ́tìnì, kò ní lè gbé e mì. Ọkàn Wòye fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí tí èèyàn lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá aránṣọ. Alágbàtà ilé ni ọkùnrin náà, ilé ló ń bá èèyàn tà. Àwòrán ilé kún ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì sí àwòrán èèyàn kan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ti sọ fún àǹtí rẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn ta ilé tó ń gbé, kó lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ó ní ìyàwó tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó lè fi ohùn ṣe bí àgbàlagbà. Bí Wòye bá fẹ́ ọ̀daràn tó rọrùn, òun nìyí lórí àga onírọ̀rí.

“Ìgbà wo lẹ rí Àǹtí yín gbẹ̀yìn?”

“Kò tíì pẹ́ púpọ̀. A máa ń gbúròó ara wa.”

“Ṣé ó ti ṣe tó oṣù kan?”

Ọkùnrin náà gbé bírò lọ sápá ọ̀tún, ó tún gbé e padà sápá òsì. “Iṣẹ́ pọ̀, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Iṣẹ́ abẹ wọn ńkọ́?”

“Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Kí ló ṣe wọ́n?”

“Ojú wọn.”

“Ojú?” Ó jọ pé ẹnu yà á ní tòótọ́. “Àǹtí mi tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn?”

“Kí ni ọkọ wọn máa ń pè wọ́n nílé?”

Ó ronú. Ó ronú gan-an, ó tiẹ̀ pajú dé. “Ṣé kì í ṣe ‘Màmá’ ni?”

Wòye dúpẹ́, ó jáde. Olè a máa mọ ẹni tó fẹ́ jà lólè. Ọkùnrin yìí kò mọ àǹtí rẹ̀ tó ẹni tó lè jà á lólè. Inú bí Wòye sí i lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló rántí pé òun náà kò lè sọ àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé ọmọ òun lókè òkun, ni ìbínú náà bá rọ̀.

*

Abẹ́ yàrá ìyá aránṣọ ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà, bí èèyàn bá sì fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló máa gbà. Rédíò ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú,” Rédíò wí, ìṣó wà láàárín eyín rẹ̀. “Ìyá yẹn ní ọkùnrin.”

“Ọkùnrin wo?”

“Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì mọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. Á wẹ̀, á lo àtíkè, á wọ aṣọ tó dáa, á wé gèlè. Bó bá ṣe díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀rín obìnrin tí wọ́n ń kẹ́, Ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n yàtọ̀.”

“Ẹ ti rí ọkùnrin náà?”

“Ó gbọ́n. Kò jẹ́ kí n rí òun.”

“Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?”

Rédíò yọ ìṣó lẹ́nu. “Rárá o.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí ńkọ́?”

Rédíò wo àtẹ̀gùn, ó wo Wòye. Ojú tì í díẹ̀, torí pé láti ìgbà tó ti ń gbé ìròyìn náà káàkiri, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní èyí. “Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Kò sí ẹni tó ń gun ibẹ̀ àfi òun.”

Wòye rò ó wò. Ọkùnrin kan tí kò ní ohùn, tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń pa opó lẹ́rìn-ín ní gbogbo Ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ó gun òkè.

*

Ìyá aránṣọ ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Àtíkè funfun wà lójú rẹ̀ láti iwájú orí dé ọrùn, ó kun ún nípọn lápá kan ju èkejì lọ, torí pé kò rí ara rẹ̀ dáadáa nínú dígí.

“Ẹ ń retí àlejò ni, Màmá?”

“Èmi kì í ní àlejò, Ọ̀gá. Ẹ jókòó.”

Wòye wo yàrá náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ aṣọ funfun. Tìmùtìmù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kún, òwú sì ti wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá aránṣọ ní àárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá dáa ni òun máa ń fi òwú bọ̀ wọ́n, kí òun má bàa wá a tì bó bá yá. Fèrèsé ńlá kan wà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, àga kan kò sì sí níbẹ̀. Àga ìrọ̀rí kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà, igun tó ṣókùnkùn jù ni wọ́n gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń jáde lára ògiri. Wáyà ṣájà kúkúrú kan wà níbẹ̀. Fóònù wà lẹ́nu wáyà náà, lórí apá àga, ojú rẹ̀ sì funfun.

Wòye na ìka kan, ó fi kàn án. Àtíkè ni.

Ó wo ìka rẹ̀. Ó ti mú olè, ó ti mú apààyàn, kò sì sí ìgbà tí ẹ̀rí kan wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí èyí. Obìnrin yìí máa ń lo àtíkè nítorí ohùn tí kò lè rí i.

“Màmá,” ó wí, “ẹni tí ojú ń dùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló yẹ kó jókòó sí. Kí ló dé tí àga yín fi wà nínú òkùnkùn?”

“Ó tù mí lára níbẹ̀.”

“Wáyà fóònù kúrú, kò dé ọ̀dọ̀ fèrèsé. Ẹ sì ń bẹ̀rù kí fóònù má kú mọ́ ẹnì kan lẹ́nu.”

“Àsìkò ni mo fi ń wò.”

“Pẹ̀lú ojú yìí?”

Ìyá aránṣọ yí ojú kúrò. Wòye mọ̀ pé òun lè tẹ̀ síwájú, kí òun ti ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn títí yóò fi fọ́, bí òun ti ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò lè ṣe é. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orókún.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ètò adójútòfò tí mo fẹ́ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Àlàyé. Kò sí ohun tó rú mi lójú níbẹ̀. Síbẹ̀ mò ń padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bi í ní ohun tí mo ti mọ̀. Ó máa ń bi mí bí mo ṣe sùn. Bí mo bá yan ètò náà, mi ò ní ìdí láti lọ mọ́.”

Ìyá aránṣọ yí orí sí ibi tí ohùn Wòye ti wá, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Ẹ̀yin náà ń gé bọ́tìnì yín nìyẹn,” ló wí.

“Ta lẹ sọ ìtàn bọ́tìnì fún, Màmá?”

Ọwọ́ ìyá aránṣọ wá fóònù kàn, ó bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ adìyẹ.

“Ọmọ dáadáa ni,” ó wí níkẹyìn. “Ó kọ́kọ́ pè láti sọ̀rọ̀ adójútòfò. Mo ní mo ti ní tèmi. Ló bá ní, ‘Màmá, ẹ ti jẹun?’ Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ta ló bi mí bóyá mo ti jẹun? Ó ní òun á tún pè ní Ọjọ́rú. Ó sì pè. Mo sọ ti bọ́tìnì fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, ‘Màmá, ṣé kí n bá yín tún ètò yín ṣe?’ Mo ní kó ṣe é. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹnikẹ́ni kò pè yín?”

“Kí n wá wí kí ni? Kí n dúró láàárín èèyàn, kí n ní mo ta ojú mi torí pé ẹnì kan kí mi? Wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á kó mi lọ sílé àwọn arúgbó.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Bí mo bá sì sọ ọ́, kò ní pè mí mọ́.”

“Bí ẹ kò bá sọ ọ́, Àǹtí Àlàyé máa pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà á pàdánù ojú. Màmá, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe àgbàlagbà tí kò ké sí i, kó máa ta adójútòfò fún un. Ètò tí wọ́n bá fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ yí padà, òfo ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló kù.”

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí fóònù fi dún.

Ìyá aránṣọ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó mọ̀ pé Wòye ń wo òun, kò sì lè dá ọwọ́ dúró. “Ẹ jẹ́ kí n gbé e,” ló wí, ó sì fi ohùn rẹ̀ síta kí Wòye lè gbọ́.

“Màmá mi. Ẹ ti jẹun?”

Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó tutù, kò kánjú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, Wòye fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn pé òun kò tíì jẹun.

“Ọmọ mi,” ìyá aránṣọ wí, “wọ́n dá mi padà nílé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní ètò tuntun yẹn ò ní dókítà mi nínú. Mi ò ní ríran mọ́.”

“Ẹ má ronú, Màmá. Gbogbo ẹ̀ á lójú. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ lè bá mi rántí àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí? Mo fẹ́ máa kí àwọn náà.”

Ìyá aránṣọ dúró kí ohùn náà béèrè ohun mìíràn. Ó dúró pẹ́. Ojú wo ló ń dùn yín? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Kò sí èyí tó wá nínú gbogbo rẹ̀.

“Mi ò ní ọ̀rẹ́,” ló wí. “Ìwọ ni mo rò pé mo ní.”

Ó pa fóònù náà. Ó fa etí aṣọ rẹ̀, ó fi nu àtíkè kúrò lójú fóònù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Lẹ́yìn náà ló sunkún, Wòye sì jókòó tì í, kò sọ pé kó dákẹ́.

*

Ọjọ́ kejì ni ìyá aránṣọ dúró níwájú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó di apá Wòye mú, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ojú tì í títí ó fi parí, kò sì fò kan. Akọ̀wé oníkàtá nu imú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé iṣẹ́ kejì ti dárúkọ ọmọbìnrin náà, ẹni tó ṣe ohùn ìyá aránṣọ lórí fóònù: yàrá kan ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe àwọn arúgbó láti àárọ̀, Ọjọ́rú sì ni wọ́n pín fún àwọn opó. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ Wòye ló lọ kó wọn. Ètò ìyá aránṣọ padà sí bó ṣe wà. Iṣẹ́ abẹ náà kò yẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí Àlàyé ti tú páálí rẹ̀ padà sórí tábìlì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wòye, ó ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń dúpẹ́, ó tún ṣàlàyé ìyẹn náà.

“Ètò kejì ni mo fẹ́,” Wòye wí.

Àǹtí Àlàyé wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ó ku ìbéèrè kan, Bàbá. Bí nǹkan bá ṣe yín, ta ni kí wọ́n pè?”

Wòye yọ fóònù rẹ̀. Ó dún pẹ́ ní òdìkejì. Ìyá aránṣọ tó máa ń gbé fóònù kí ó tó dún tán kò gbé e. Lẹ́yìn náà ni Wòye gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

“Ẹ máà bínú, Ọ̀gá. Mo ti gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó jìnnà sí fóònù.”

“Màmá, bí nǹkan bá ṣe mí, ṣé kí ilé ìwòsàn pè yín?”

“Èmi? Kí ni kí n ṣe bí wọ́n bá pè mí?”

“Kí ẹ kàn wá ni.”

“Màá wá,” ló wí. “Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti mú mi délé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Mo ti sọ fún wọn pé kò sí ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ padà lọ sọ fún wọn pé ó wà.”

Àǹtí Àlàyé kọ orúkọ náà sílẹ̀. “Ó parí, Bàbá. Ẹ ò ní ìdí láti tún padà wá títí di ọdún tó ń bọ̀.”

Wòye sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń tutù, ó fẹ́ dé bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. Ó fà á wò, ó le dáadáa, ìyàwó rẹ̀ ló rán an. Ó fi àtàǹpàkò kan òwú náà. Nígbà tó yá, ó yan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ti ń tú fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ àpò wá ọ̀bẹ.